"Omi ló dànù, agbè ò fọ́": ta ni wọ́n ń pa á fún?

Ìbéèrè: Àwa mẹ́ta la jọ ń ta léèsì ní Balógun láti ìgbà ọmọge wa, a ti lé ní 50 ọdún báyìí. Ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọkùnrin ẹ̀ tó wà ní yunifásítì. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rẹ́ wa kejì sọ fún un pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ̀sìn ní ká fi ṣọ̀fọ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ ṣì wà ní títì." Ọlọ́fọ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní òwe ìtùnú lòun pa. Ṣé lóòótọ́? Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Òwe ìtùnú ni, àmọ́ wọn kì í pa á fún irú ọlọ́fọ̀ yẹn. Obìnrin tí oyún bàjẹ́ mọ́ lára, tàbí tí ọmọ ọwọ́ ẹ̀ kú, ni wọ́n ń pa á fún. Ọmọ lomi, ìyá ni agbè. Bí ẹ̀mí ìyá bá wà, ó tún lè lóyún. Ẹnu àwọn àgbà obìnrin ló sì ti sábà máa ń jáde, wọn a fi àdúrà tì í: "Ọlọ́run á fi èyí tó máa dúró rọ́pò." Ẹni tó ti lé ní 50, tí ọmọ ẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n, àdúrà wo lẹ fẹ́ fi tì í? Ohun tó máa gbọ́ ni pé ọmọ òun ṣeé pààrọ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù tó fi kún un ló tiẹ̀ burú jù létí tèmi.

Òkú ọ̀fọ̀ nìyí. A kì í dá aṣọ ẹbí sí i, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kí "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" níbẹ̀. Òkú arúgbó tó fọmọ sáyé lọ ló ni ìyẹn. Àṣà ò tiẹ̀ fẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ ẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú", "Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró", ó tó. Lẹ́yìn náà kéèyàn jókòó. Ọ̀rẹ́ ló yẹ kó sùn tì í, kó po ẹ̀kọ gbígbóná fún un nígbà tí oúnjẹ ò bá lọ lọ́nà ọ̀fun, kó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, kó bá a tajà, láìbi í léèrè ìgbà tó máa padà.

Ní ti ọjọ́ mẹ́ta, hádíìsì ẹ̀ wà, opó nìkan ló ń ṣe oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Àmọ́ ọ̀ṣọ́ tí obìnrin máa yẹra fún ló dá lé, kì í ṣe omijé. Ànábì sunkún nígbà tí Ìbùráhíìmù ọmọ rẹ̀ kú, ó ní ojú ń dami, ọkàn ń bà jẹ́, àmọ́ ohun tó dùn mọ́ Olúwa nìkan làwọn máa sọ. Kí ọ̀rẹ́ yín rántí ìyẹn náà.

Ẹ má bá a wí lójú ọlọ́fọ̀. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má jẹ́ lórí fóònù. Ẹ má pa "ikú tó ń pa ojúgbà ẹni" fún un o, bí èpè ló máa dún létí abiyamọ. "Ohun tó bá ojú ti bá imú" sàn jù, torí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ jọ pọn ọmọ náà. Bó bá yarí, ẹ bẹ ìyá àgbà kan ní láìnì yín tóun náà ti sin ọmọ rí, kó bá a sọ̀rọ̀.

Kó wá padà lọ sílé ọlọ́fọ̀, kó ní, "Má bínú, mo ṣì í sọ." Kó má tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òwe. Bí wọn ò bá dá a lóhùn, kó jókòó díẹ̀, kó máa lọ, kó sì tún yà lọ́jọ́ kejì.