Kí ló dé táwọn kọ́ọ̀ ń pe ara wọn ṣáá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ Linux wa ní kọ́ọ̀ 64, ìyẹn àwọn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ. Mo ṣí /proc/interrupts, fáìlì tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n pe kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé iye orí ìlà TLB ń fò sókè ṣáá, iṣẹ́ ò sì yá. Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé kékeré tó fi ń rántí ibi tí mẹ́mórì wà. Òun ni TLB. Bí thread kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí ètò kan ń ṣe pọ̀, bá pe munmap, àṣẹ tó ń dá mẹ́mórì padà, ohun tó wà nínú ìwé àwọn yòókù lè ti di irọ́. Lórí x86, irú kọ́ọ̀ ti Intel àti AMD, kernel tó jẹ́ ọkàn Linux sábà máa ń fi interrupt, ìpè tó ń dá kọ́ọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ránṣẹ́ pé kí wọ́n pa á rẹ́, ẹni tó pè á sì dúró títí wọ́n á fi dáhùn. Ìdúró yẹn ló ń jẹ yín níyà.

Kernel náà kì í pè lásán. Ó ń wo mm_cpumask, àkọsílẹ̀ àwọn kọ́ọ̀ tó lè ní mẹ́mórì ètò náà nínú ìwé wọn, kó tó mọ ẹni tó kàn. Èyí tó wù mí jù ni ti kọ́ọ̀ tí kò níṣẹ́, tó kàn ń wo àsíá TIF_NEED_RESCHED, àmì pé iṣẹ́ mìíràn ti dé. Bíṣẹ́ bá dé, wọn ò ní pè é, àsíá ni wọ́n á gbé sókè. Ta ló ń kanlẹ̀kùn fún ẹni tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Irú ẹ̀ ti ṣe mí rí. Ètò tí mo kọ ń gba mẹ́mórì, ó sì ń dá a padà lórí gbogbo ìbéèrè tó wọlé. Mo ní kó di mẹ́mórì náà mú, kó máa tún un lò. Ìlà TLB rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Munmap ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nínú kóòdù yín.