Họ́ọ̀pù Wo Ló Yẹ Ọtí Ọkà Bàbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọtí ọkà bàbà ni mò ń ṣe tà ní Kétu. Àbúrò mi tó wà ní ilẹ̀ Faransé fi oríṣi họ́ọ̀pù mẹ́ta, ìyẹn òdòdó tí wọ́n fi ń mú kí bíà korò, ránṣẹ́ sí mi: Saaz, Cascade àti Magnum. Èwo ni kí n lò, báwo ni yóò sì ṣe pọ̀ tó? Ṣé a lè gbìn ín níhìn-ín?
Ìyá ọlọ́tí kan, Kétu

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà “alpha” lára àpò kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí alpha yìí, tí ó jẹ́ ásíìdì kan nínú họ́ọ̀pù, ni ó ń di ìkorò nígbà tí a bá sè é fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ti Saaz, tí ó wá láti agbègbè Žatec ní orílẹ̀-èdè Czech, sábà máa ń jẹ́ ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Cascade, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972, tó 5 sí 7. Ti Magnum ará Jámánì sì ń dé 12 sí 14. Gíráàmù 10 Magnum yóò korò tó nǹkan bí gíráàmù 30 Saaz.

Fún lítà 20, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi gíráàmù 10 Magnum sè é láti ìbẹ̀rẹ̀ sísè ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì da gíráàmù 20 Cascade sí i nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, torí pé ooru ń gbé òórùn dídùn rẹ̀ lọ. Òórùn Cascade, tí ó jọ ti òdòdó àti ọsàn, bá kíkan ọtí yín mu dáadáa. Òórùn Saaz rọra jẹ́jẹ́. Ọkà bàbà yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé họ́ọ̀pù kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ọtí di kíkan ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi ọkà náà kan tán bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó fi họ́ọ̀pù sí i nígbà sísè ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti gbígbìn, ojúmọ́ gígùn tí ó tó wákàtí 15 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òkè òkun ni ó ń mú un tanná dáadáa, Kétu kò sì ní irú rẹ̀. Ẹ di èyí tó bá ṣẹ́kù pa kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í sínú fìríìsà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ rin ín tí ó ń rùn bíi wàràkàṣì tó ti bàjẹ́, ẹ má ṣe lò ó mọ́.