Ìdáhùn sí ìyàwó ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà tó ní jẹjẹrẹ kíndìnrín n'Íbàdàn

Ẹ kú ìtọ́jú o, mà. Ẹ ní Balad lórílẹ̀-èdè Iraq ni ọkọ yín ti ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní 2007 sí 2008, pé wọ́n ti ní jẹjẹrẹ kíndìnrín, pé ilé n'Íbàdàn ni wọ́n wà báyìí, àti pé ẹ̀rù ń bà yín pé ó ti pẹ́ jù láti kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Kò tíì pẹ́ rárá.

Jẹjẹrẹ kíndìnrín wà lára èyí tí òfin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ PACT, ti ọdún 2022, kà mọ́ èéfín kòtò tí àwọn ológun ti ń sun pàǹtí: ike, bátìrì, táyà, tí wọ́n ń da epo bàálù lé lórí kó lè jó. Ológun tó bá ti dé Iraq láti ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1990, VA gbà pé èéfín yẹn kàn án. Ẹ ò nílò dókítà tó máa kọ ọ́ pé èéfín náà ló fa àìsàn.

Lónìí, kẹ́ ẹ tó wá ìwé kankan, ẹ fi fọ́ọ̀mù 21-0966 ránṣẹ́. Ó ń sọ fún VA pé ẹ ń bọ̀ ni. Ẹ ní ọdún kan gbáko láti kó ìwé jọ kẹ́ ẹ sì fi fọ́ọ̀mù 21-526EZ, tó jẹ́ ìbéèrè owó náà gan-an, tẹ̀ lé e, tí VA bá sì fọwọ́ sí i, ọjọ́ tí 21-0966 dé ọwọ́ wọn ni owó ti máa bẹ̀rẹ̀. Jẹjẹrẹ tó ṣì wà lára, ìdá 100 nínú 100 ni VA ń fún un nínú ìwọ̀n àìlera tí wọ́n fi ń ṣírò owó. Ní 2025, $3,831.30 lóṣù ni fún ẹni tí kò ní ìyàwó tàbí ọmọ lọ́rùn. Ẹ rí i pé oṣù kan téèyàn bá jáfara kì í ṣe kékeré.

Ní ti DD-214, ìwé tí wọ́n fún ọkọ yín nígbà tó kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ẹ̀dà gígùn tó ń jẹ́ Member-4 ni kẹ́ ẹ wá, nítorí èyí tó kúrú kì í sọ irú ìfẹ̀yìntì téèyàn ní. Ẹ wo àpótí 18 bóyá Iraq àti ọjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà ń bàjẹ́ ni èsì biopsy, ìyẹn àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé níbi àìsàn. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé inú kíndìnrín gan-an ni jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá kàn kọ "carcinoma" (irú jẹjẹrẹ kan) láìsọ orísun, tàbí tó jẹ́ pé ibòmíì ló ti ràn dé kíndìnrín, VA lè kọ̀ ọ́. Ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà tó sọ orísun náà, ọjọ́ tí wọ́n rí i, àti ìtọ́jú tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ wo orúkọ pẹ̀lú: bí káàdì ọsibítù bá sọ "Alhaji Wálé", tí DD-214 sì sọ Olawale pẹ̀lú orúkọ bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ìwé wọn tún un ṣe kó bá DD-214 mu, kí ọjọ́ ìbí sì wà níbẹ̀.

Bí dókítà bá ti kọ ọ́ pé àìsàn náà le débi tó lè gba ẹ̀mí, ẹ fi fọ́ọ̀mù 20-10207 àti lẹ́tà rẹ̀ mọ́ ọn, kí VA lè gbé e síwájú.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti kọ̀wé yìí. Òfin ò gbà á fún ìbéèrè àkọ́kọ́. DAV àti American Legion, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀mù 21-22 lẹ máa fi yàn wọ́n. (Ẹni tó jẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ lọ sí Iraq, tí kì í ṣe ológun, òfin mìíràn tó ń jẹ́ Defense Base Act ni tiẹ̀, kì í ṣe VA.)

Ẹ má sì ju rìsíìtì ọsibítù kankan nù. Tí VA bá ti gbà á, Foreign Medical Program, ètò VA fún ìtọ́jú lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, lè dá owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ náà padà, àní n'Íbàdàn níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù 10-7959f-1 lẹ máa fi forúkọ sílẹ̀.