Kí o tó ra Ìjàpá fún bàbá rẹ

Ọmọ mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní bàbá rẹ ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, pé kò sọ́jọ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ Volkswagen Ìjàpá (Beetle) tí wọ́n wà nígbà èwe, pé ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ sì ti dáwó jọ láti wá ọ̀kan rà fún wọn. O wá ń béèrè bóyá ó bọ́gbọ́n mu, àbí ìnáwó àpà ni. Ẹgbẹ́ bàbá rẹ ni mí. Mo wa Ìjàpá nígbà tó wà lóde, mo tún ra òmíràn lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo sì tún un ṣe títí ó fi ń rìn. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ẹ lè rà á. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n gan-an.

Nígbà tí èmi parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ gbà mí síṣẹ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yá mi lówó ọkọ̀, tí wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi. Ọmọ mẹ̀kúnnù ni mí o. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni bàbá mi gùn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà náà gba ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ láàyè. Náírà kan ju dọ́là kan lọ. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Volkswagen pọ̀ ní ọ̀nà Badagry l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀gá ló ń gun 504. Àwa ọmọdé ibi iṣẹ́ wà lórí Ìjàpá, àwọn kan lórí Datsun, àwọn kan lórí Igala, ìyẹn Volkswagen tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní Brazil. Kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀ ni lítà epo bẹntiróòlù kan ní 1978. Nígbà tó di 20 kọ́bọ̀ ní 1982, ariwo ni gbogbo wa pa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, táǹkì Ìjàpá kò gbà ju bíi lítà 40 lọ. Náírà mẹ́jọ, o ti kún un.

Síbẹ̀, owó epo kọ́ ni bàbá rẹ ń sunkún. Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ Ẹtì ṣe máa ń rí. A ó ṣíwọ́ iṣẹ́ n'Íbàdàn, ẹnì kan á ní ìgbéyàwó wà l'Óǹdó lọ́la, oòrùn á ti wọ̀ kí a tó gbéra. A ó yà n'Íkirè ra dòdò Ìkirè, ìwọ̀n-ọn-nì tó dúdú, tó rọ̀, tí wọ́n fi ewé wé. Ọwọ́ kan ni mo fi ń jẹ ẹ́, èkejì wà lórí sítíárìn, epo pupa á sì ti yí gbogbo rẹ̀ kó tó dé Gbọ̀ngán. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, nítorí náà ẹ̀yìn ni ariwo rẹ̀ ti ń bá ọ bọ̀, kásẹ́ẹ̀tì jùjú ní láti lọ sókè kí a tó gbọ́ ọ. Bí táyà bá jò nínú òkùnkùn, ọkọ̀ tó ń kọjá á dúró, onítọ̀hún á sọ̀ kalẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì fún wa. Ìyá mi kò mọ ibi tí mo wà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kò sí fóònù tí yóò fi wá mi. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ìyẹn ló ń pa bàbá rẹ lẹ́kún. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ń gba owó oṣù lásán, tó lè kọrí síbi tó wù ú láago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ̀rù kankan kò bà á. Lónìí, ta ló jẹ́ dán an wò lójú ọ̀nà kan náà?

Mi ò ní bò ó fún ọ, ọ̀run kọ́ ni ayé yẹn. Adigunjalè wà, láti 1971 ni wọ́n ti ń yìnbọn pa wọ́n ní gbangba ní Bar Beach. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gan-an pa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó pọ̀ débi pé Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, ọdún púpọ̀ kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Bẹ́líìtì ìjókòó, ta ló ń dè é? Àwọn ọ̀rẹ́ mi wà nínú àwọn tí a sin. Bí bàbá rẹ bá ń sọ̀rọ̀ bọ̀ tí wọ́n sì ṣàdédé dákẹ́ níbì kan, má tú u wò.

SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ló palẹ̀ ayé náà mọ́. Ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tòkúńbọ̀ ló kù. Èmi ta tèmi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ rírà. Má wo ọ̀dà tó ń dán. Mú irin òòfà dání, fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, ìpara tí wọ́n fi dí ihò ló wà níbẹ̀. Gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ibẹ̀ ni bẹ́tírì wà. Omi bẹ́tírì máa ń jẹ irin abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi lu, wàá sì rí ilẹ̀ láti inú ọkọ̀. Èyí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ì báà dára bí oyin. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tún ṣe. Irin tó ti jẹrà ló ń jẹ owó.

Tí ẹ bá ti rà á, kí ó tó rìn rárá, ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ọ̀sì epo. Rọ́bà ni, ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló sì ń gbà kọjá. Bó bá sán, iná ni. Kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù rẹ̀, nítorí náà bí iná pupa bá tàn níwájú awakọ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ti sípéà páátì kì í ṣe ìṣòro tó bí ẹ ṣe rò, nítorí Brazil ṣe ọkọ̀ yìí títí di 1996, Mexico títí di 2003. Ẹ wá a ní Ládípọ̀, ọjà sípéà páátì l'Ékòó, ẹ mú mẹkáníìkì tó ti dàgbà dání.

Páńẹ́ẹ̀lì bítà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi fún gba owó kíkún, ó tú ọkọ̀ palẹ̀, ó gbé e síta fún òjò. Nígbà tí mo fi gbà á padà, iná iwájú méjèèjì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ti di àwátì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa sanwó, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo ohun tí wọ́n bá tú.

Ní ti bàbá rẹ, má ṣe fi pamọ́ fún wọn pé o fẹ́ ya wọ́n lẹ́nu. Mú wọn dání lọ wá a. Etí wọn mọ ohùn ẹ́ńjìnnì náà jù ọ́ lọ, inú wíwá yẹn gan-an ni ìgbádùn wà. Ṣẹ́ iṣẹ́ díẹ̀ kù fún wọn, irú kí wọ́n máa ha kọ̀ǹtáàtì, kí wọ́n máa yí kàbúrétọ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi tò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà kí o bá wọn wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọ́n máa ń dárúkọ nínú ìtàn, ní ọ̀sán gangan. Èmi máa ń gbé tèmi lọ sí Aṣéjíire láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ọ̀nà tó dí, ọmọ ọmọ mi ló ń yí jíà lápá kejì bí mo bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì.

Bí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ya àwòrán abẹ́ rẹ̀, ibi bẹ́tírì, àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ kí wọ́n lè bára mu, fi wọ́n síbí. N ó wò ó.