Kí ló dé tí àwọn ọkọ̀ ẹrù inú PQ 17, ìyẹn ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi tó jọ ń rìn, fi rì tó bẹ́ẹ̀ ní 1942?
Wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ náà túká ni, àwọn ọkọ̀ ogun tó lágbára jù nínú àwọn tó ń sìn wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Láti Iceland ni wọ́n ti ń kó ohun ìjà lọ fún Rọ́ṣíà. Lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ, Dudley Pound, ọ̀gá ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ló pàṣẹ náà, torí ó rò pé Tirpitz, ọkọ̀ ogun Jámánì, ń bọ̀ wá kọlù wọ́n. Tirpitz ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ọkọ̀ abẹ́ omi àti bàálù Jámánì ló ń ṣa wọ́n pa lọ́kọ̀ọ̀kan, oòrùn ò sì kí ń wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn, kò sí òkùnkùn tí wọ́n lè sá sí. Mẹ́rìnlélógún ló rì. Àmọ́ ọkọ̀ ẹrù 3 tẹ̀ lé ọkọ̀ kékeré kan, Ayrshire, wọ àárín yìnyín; wọ́n kun ara ọkọ̀ ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì yè é.