Òdòdó wo ló lè fara da omi oníyọ̀?

Ẹ ní omi kànga ẹ̀rọ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ níyọ̀ lẹ́nu, etí ewé róòsì yín sì ń gbẹ bíi pé iná rà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iyọ̀ náà ni. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, gbòǹgbò ò ní lè fa omi bó ṣe yẹ, kódà kí ilẹ̀ tutù. Iyọ̀ tó bá sì ráyè wọlé á lọ kó jọ sí etí ewé.

Róòsì ò lágbára ẹ̀ rárá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ gbin bougainvillea. Etíkun pàápàá, ó ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Oleander náà le koko, àmọ́ májèlé ni láti gbòǹgbò dé òdòdó, ọmọdé àti ewúrẹ́ ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Ìdí igi ni kẹ́ ẹ máa bomi sí, kì í ṣe orí ewé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iyọ̀ máa ń kó jọ jù. Òjò ló ń fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ìkòkò ni, ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ sì rọra pẹ̀lú ajílẹ̀ inú àpò o, iyọ̀ lòun náà.