Ọmọ ló lágídí, kí ló dé tí gbogbo ilé fi ní láti gba ìtọ́jú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọjà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ta gàrí. Àkọ́bí mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 7. Kò sí ohun tí mo ní kó ṣe tí kì í sọ pé "mi ò ṣe". Ó ń gbó mi lẹ́nu, ó ń gbó àǹtí rẹ̀ níléèwé lẹ́nu, á sì mọ̀ọ́mọ̀ máa tọ́ àbúrò rẹ̀ títí tíyẹn á fi ké. Ó ti tó ọdún kan báyìí. Mo nà án títí, ọwọ́ ló ń dùn mí. Èkó ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Jímọ́ ló ń wálé. Ìyá ọkọ mi tá a jọ ń gbé ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ náà ṣe ní kékeré. Àǹtí rẹ̀ ní ìtọ́jú kan wà, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni wọ́n jọ ń gbà á. Ọmọ ló lágídí, kí ló kan èmi àti ìyá ọkọ mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Ìbéèrè tẹ́ ẹ fi parí lẹ́tà yín gan-an ni mo fẹ́ dáhùn, torí ibẹ̀ ni ìtọ́jú náà wà.

Ẹ jẹ́ ká wo alẹ́ kan nílé yín. Ẹ ní kó lọ wẹ̀. Kò dá yín lóhùn. Ẹ tún un sọ, ohùn yín ti lọ sókè. Ó ní òun ò wẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ẹ ti ọjà dé, ó ti rẹ̀ yín, ọbẹ̀ wà lórí iná; ẹ ní, "Má wẹ̀ mọ́, ìwọ lo mọ̀." Kí lọmọ kọ́? Pé bí òun bá ti pariwo tó, iṣẹ́ á kúrò lọ́rùn òun. Lọ́jọ́ kejì ẹ gbá a létí, ó sáré lọ wẹ̀. Ẹ̀yin náà kọ́ ẹ̀kọ́ tiyín: àfi ìgbájú. Bẹ́ẹ̀ lẹ jọ ń kọ́ ara yín, tí ariwo ọmọ ń ga sí i, tí ìgbájú náà ń le sí i. Gerald Patterson, onímọ̀ ìhùwàsí kan ní Oregon l'Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jókòó sílé àwọn èèyàn, wọ́n ń wo bí òbí àti ọmọ ṣe ń bá ara wọn ṣe. Ohun tí wọ́n rí nìyẹn.

Àárín èèyàn méjì ni agídí yìí ń gbé. Ẹ ò lè gbé ọmọ nìkan wá kí n bá yín tún un ṣe, bí ẹni gbé rédíò lọ fún alátùnúnṣe. Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ o. Àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn gbóná láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn.

Kì í ṣe gbogbo agídí ló ń jẹ́ àìsàn. A kì í kà á sí àìsàn àfi tó bá ti tó oṣù 6, tí ó kéré tán àmì 4 nínú 8 sì hàn: irú bí ìbínú òjijì, kíkọ àṣẹ, mímọ̀ọ́mọ̀ múni bínú, gbígbé ẹ̀bi rẹ̀ sórí ẹlòmíràn. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ àbúrò rẹ̀ nìkan ló ń ṣe é sí. Tiyín jọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Ọmọ mìíràn wà tí wọ́n ní kì í gbọ́ràn, tó jẹ́ pé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wádìí bóyá ìwé ló ń ni ín lára, bóyá ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, bóyá kò tiẹ̀ lè fara balẹ̀ jókòó sójú kan. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lè gba oògùn. Agídí fúnra rẹ̀ kò ní oògùn tí wọ́n ń gbé mì.

Ìtọ́jú tí mo fẹ́ràn jù fún ọmọ ọdún 2 sí 7 ni èyí tí Sheila Eyberg, onímọ̀ ìhùwàsí kan, dá sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ìyá àti ọmọ á máa ṣeré nínú yàrá, olùtọ́jú á wà lẹ́yìn dígí, á máa bá ìyá sọ̀rọ̀ nínú ohun kékeré kan tí ìyá kì bọ etí. Ṣé ẹ rí i? Ìyá ni wọ́n ń kọ́. Ó sábà máa ń gba ìpàdé 12 sí 20. Níbi tí kò bá ti sí dígí, olùtọ́jú lè jókòó sí igun yàrá.

Eré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́, ọmọ ni kó yan eré. Láàárín ìṣẹ́jú 5 yẹn, ẹ má pàṣẹ, ẹ má béèrè nǹkan kan, ẹ má bá a wí. Ẹ máa sọ ohun tó ń ṣe: "O ti to páálí mẹ́ta léra." Ẹ yìn ín lórí ohun tójú yín rí: "O ṣeun tó o fún àbúrò ẹ ní tiẹ̀." Àwọn ìyá kan ní ìyìn ń ba ọmọ jẹ́. Mi ò gbà. Ẹnu tá a fi ń pe Àkànní láàárọ̀ tí orí ọmọ ń wú, ẹnu yẹn náà la fẹ́. Gbogbo wa la mọ òwe pé ká fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, ọwọ́ òsì nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn eré ló kan àṣẹ, ibẹ̀ ló sì le fún wa jù. "Ṣé o ò rí àwo yẹn ni?" "Ojú ẹ fọ́ ni?" Ìbéèrè nìwọ̀nyẹn; ọmọ alágídí á sì dá yín lóhùn. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo: "Gbé àwo yìí lọ sí kíṣìnì." Ẹ dákẹ́, ẹ rọra kà dé 5 nínú ọkàn yín. Bó bá gbé e, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré: "Bó ò bá gbé e, wàá jókòó sórí àga yẹn." Tó bá ṣì kọ̀, àga ni, ìṣẹ́jú 3, láìsí èébú. Tó bá dìde, àwo yẹn ṣì ń dúró dè é.

"Màá pa ẹ́ lónìí" kò ṣiṣẹ́, ó mọ̀ pé ẹ ò ní pa òun. "Jẹ́ kí bàbá ẹ dé" náà kò ṣiṣẹ́: ìyà ọjọ́ Jímọ́ kò lè kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lórí àwo ọjọ́ Ajé, ó kàn ń sọ bàbá di ẹni tí ọmọ ń sá fún ni. Tí bàbá bá dé, kó gba ìṣẹ́jú 5 eré tirẹ̀. Ariwo lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i o. Bẹ́ ẹ bá juwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ti kọ́ ọ pé ariwo ńlá ló ń ṣiṣẹ́.

Màmá ńkọ́? Bí ọmọ bá wà lórí àga tí Màmá sì pè é wá jẹ ìkọ́kọrẹ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti bàjẹ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bá wọn sọ ọ́. Ọkọ yín ni, lórí ìdọ̀bálẹ̀. Kó má sọ pé Màmá ń ba ọmọ jẹ́. Kó ní kí wọ́n bá yín ṣe é: ìgbàkígbà tọ́mọ bá jẹ́ ìpè àkọ́kọ́, kí Màmá ki oríkì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ti òyìnbó ni, ẹ sọ fún wọn pé ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé ní Arò, l'Abẹ́òkúta wa níbí. Aláìsàn ọpọlọ kì í dá wá. Ẹbí rẹ̀ á bá a wá, wọ́n á jọ máa gbé abúlé ìtòsí títí ara á fi yá.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù, ẹ béèrè àwọn tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ. Ẹ máa gbàdúrà yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni de ọmọ mọ́lẹ̀ tàbí febi pa á. Bó bá ń dáná sun nǹkan, tó ń fi ọ̀bẹ halẹ̀, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má dúró di ọ̀la.

Láti alẹ́ òní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: ohun tẹ́ ẹ sọ, ohun tó ṣe, ohun tẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ mú ìwé náà dání lọ sí Ṣágámù, kí Màmá sì bá yín lọ.